Mítà Tó Ń Yí Nígbà Tí Gbogbo Ilé Ti Pa Iná

Morẹ́nikẹ́ mi, Àṣàkẹ́, ọmọ tó fi orí jọ bàbá, tó fi inú jọ ìyá,

Ebi pa mí rí títí mo fi gbàgbé bí iyọ̀ ṣe ń rí lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta ni mo fi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Mile 2, mo fi bàtà mi ṣe ìrọ̀rí kí wọ́n má bàa jí i, wọ́n sì jí i náà. Mo ru búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ Festac, títí irun àárín orí mi fi kọ̀ tí kò hù mọ́. Ibẹ̀ lo máa ń fọwọ́ pa nígbà tó o wà ní kékeré, tó o ń pè é ní pápá ìṣeré. Mo já bọ́ láti àjà kẹta, orí yanrìn ni mo já sí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi bò mí, mo dìde, mo bi wọ́n pé ta ló gbé ṣọ́bìrì mi. Omi òjò wọ yàrá àkọ́kọ́ tí mo gbà, ó gbé bẹ́ẹ̀dì léfòó bí ọkọ̀ ojú omi, ìyá rẹ sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú oyún ẹ̀gbọ́n rẹ. Prámárì mẹ́ta péré ni mo kà. Síbẹ̀, lónìí, bí ènìyàn bá sọ fún ọlọ́kadà kan ní Amúwò pé òun ń lọ sílé Bàbá Kọnkéré, kò ní bi í ní àdírẹ́sì.

Mo to gbogbo èyí sílẹ̀ kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo tún tò ó nítorí pé ibi tí lẹ́tà yìí ń lọ kò ní buyì kún mi tó bí mo ṣe fẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ga díẹ̀ kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Láti ọjọ́ tó o ti pè mí lórí fóònù ni n kò ti gbádùn oorun ọ̀sán mi. O ní wọ́n ti fi ọ́ ṣe alábòójútó ilé alájà mẹ́sàn-án kan ní Ìkẹjà. Mo kọ́kọ́ kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, títí ìyá rẹ fi ní kí n jẹ́ kí ará ilé kejì jẹun tán ná. O wá ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ ni pé kí o mọ iye iná tí gbogbo ilé náà ń jẹ, láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé, àti ibi tí iná náà ń bá lọ. Àjà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀gá tirẹ̀ àti mítà tirẹ̀, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ló sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mítà. O ní, "Bàbá mi, àfi bíi pé mo ní kí wọ́n bọ́ra sílẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. O tún ní, "Ó jọ pé ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lo àgádágodo." N kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Kí o tó gbé fóònù sílẹ̀ lo bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti lọ bẹ Ìyá Mùtíátù?" Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí." O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O ní kì í ṣe gbogbo àgbà ló lè ṣe ohun tí mo ṣe. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Màá padà sórí rẹ̀ kí n tó dé bírò mi lórí.

Ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé tó nípọn, tí mo sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Bọ̀dá Sẹ́gun tó ń gbé yàrá kẹrin lókè, tó ń ṣiṣẹ́ báńkì lọ́dọ̀ yín ní Ìkẹjà, ló máa mú un wá. Ó ti búra pé òun ò ní ṣí i. Bó bá ṣí i, á bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn á sì kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ìmọ̀ràn kìíní: má ṣe di ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan.

O mọ ilé wa. Yàrá mẹ́fà nísàlẹ̀, mẹ́fà lókè, àtẹ̀gùn láàárín. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi pọn ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ayàwòrán ilé kankan tó fi rúlà bá mi dá sí i, kò sì tíì là títí dòní. Mítà kan ṣoṣo ni àwọn oníná gbé wá fún gbogbo wa. Mo mọ yàrá kékeré kan sábẹ́ àtẹ̀gùn, mo gbé mítà náà sí i, mo fi ilẹ̀kùn onírin sí i, mo fi àgádágodo tó tó orí ọmọ ọwọ́ tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, okùn ṣòkòtò mi ni mo so ó mọ́. Bí mo bá ń wẹ̀, ó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Ìyá rẹ sọ nígbà kan pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, àwọn tó ń wẹ òkú ni òun máa bẹ̀ kí òun tó mọ iye iná tí a jẹ.

Mo rò pé ìwà ọlọ́lá ni. Lójú mi nígbà náà, ohun tí onílé fi jẹ́ onílé ni pé ó mọ ohun tí ayálégbé kò mọ̀. Nígbà tí àwọn oníná bá wá, èmi nìkan ni màá bá wọn wọlé, màá pa ilẹ̀kùn dé, màá jáde, màá dárúkọ iye tó bọ́ sọ́rùn oníkálukú. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn, nítorí kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe ń pín in? Pọ́íńtì ni, bí gbogbo onílé ìgbà náà ṣe ń ṣe. Gílóòbù kan, pọ́íńtì kan. Fáànù, ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan. Fíríìjì, méjì. Fírísà, mẹ́ta. Mo máa ń wọ yàrá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsùlù létí, màá máa ka pọ́íńtì bí ẹni ń ka adìẹ. Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán, gbogbo áyọ́ọ̀nù òkè á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kan wà tí mo dé yàrá Sẹ́gun, mo gbóòórùn.

Mo ní, "Sẹ́gun, kí ló ń ta sánsán bí ẹ̀wà báyìí?"

"Àdúgbò ni, sà."

"Àdúgbò ló ń se ẹ̀wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ?"

"Bàbá, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún ni mo wà. Báwo ni mo ṣe máa se ẹ̀wà?"

Mo gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè. Sítóòfù oníná wà níbẹ̀, ìkòkò wà lórí rẹ̀, ẹ̀wà náà sì ti ń jinná. Ó ní ti ìṣínu ni.

Mo sọ èyí kí o lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Pọ́íńtì kì í sọ bí wákàtí ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń tan fáànù rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ àti ẹni tó ń tan tirẹ̀ fún wákàtí kan, ọgbọọgba ni mo kà wọ́n. Ìkejì, èmi nìkan ni ẹnikẹ́ni kò wọlé wá ka pọ́íńtì rẹ̀. Fi ìyẹn sápò ná.

Ìmọ̀ràn kejì: má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni kí nọ́ńbà tó sọ̀rọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi sì tóbi, o mọ̀.

Ìyá Mùtíátù ló gba yàrá iwájú nísàlẹ̀, èyí tó kọjú sí títì. Ará Ìwó ni, opó ni, mùsùlùmí òdodo. Ó ń ta mílíìkì, ṣúgà, bisikíìtì àti omi tútù lójú fèrèsé. Láràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ kí mi, òun náà ló máa ń gbá iwájú ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó ní fírísà méjì. Ọdún tí bíìlì iná wa bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, àwọn ayálégbé ń kùn, wọ́n ń wo ara wọn lójú, wọ́n sì ń wo èmi náà. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. N kò ní. Mo wá ẹni tí ìdáhùn náà máa bá mu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo pe gbogbo ilé jọ. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn kẹta kí gbogbo wọn lè máa wò mí lókè. Mo ní, "Ẹni tó ń ta omi tútù níbí ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wa mu."

Ìyá Mùtíátù ní, "Bàbá, èmi lẹ ń bá wí?"

"Ta ló tún ní fírísà méjì nínú ilé yìí?"

"Ọ̀kan ti bàjẹ́ láti ìgbà Ìtúnnu ààwẹ̀. Aṣọ ni mo ń kó sí i. Ẹ wá ṣí i wò."

"Mo ti kà á sí pọ́íńtì mẹ́ta."

"Pọ́íńtì mẹ́ta, Bàbá? Fún àpótí aṣọ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí jẹ́. Mo ti já bọ́ láti àjà kẹta rí, kò dùn mí tó ẹ̀rín yẹn. Ó wá sọ̀rọ̀ kan, Morẹ́nikẹ́, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ká ní mo tẹ̀lé e lọ́jọ́ náà, n kì bá tí kọ lẹ́tà yìí. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mítà yẹn, kí gbogbo wa dúró síbẹ̀. Èmi á lọ pa gbogbo ohun tó wà ní yàrá mi. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ohun tí mítà á ṣe."

Mo ní, "Ilé ta ni?"

Ó ní, "Ilé yín ni, Bàbá. Orúkọ mi tí ẹ ń bà jẹ́ yìí ńkọ́, ti ta ni?"

Mo fọwọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ìdí ṣòkòtò mi bí ẹni pé ó fẹ́ já a gbà. Mo ní kí ó wá ilé míì. Mo tún pè é ní Ìyá Ajẹná níwájú gbogbo wọn. Kí oṣù tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Agboju, ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré létí ọjà. Orúkọ tí mo fún un bá a débẹ̀. Ayálégbé wa kan ló gbé e lọ, àwọn ọmọ ọjà sì tẹ́wọ́ gbà á. Bí iná bá lọ ní gbogbo Agboju, wọn á ní kí wọ́n lọ bi Ìyá Ajẹná bóyá ó ti yó.

Ó lọ tán, mítà kò dín eré tó ń sá. Èmi nìkan ni mo rí i, nítorí èmi nìkan ni mo lè wọlé. Oṣù kìíní, mo ní bóyá iná rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ni. Ìwọ tó o kàwé, wò ó, èmi náà mọ̀ pé iná kì í ṣẹ́ kù sínú wáyà bí omi. Oṣù kejì, mo tún fi epo pa àgádágodo náà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tó o ti wọ ìtàn nìyí. O ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, o ń dúró de iṣẹ́, o sì ń jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé. O bi mí ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Bàbá, kí ló wà nínú yàrá yìí tí ojú kò gbọdọ̀ rí?"

"Mítà ni."

"Kí ló wà lára mítà?"

"Nọ́ńbà."

"Ṣé nọ́ńbà máa ń sá lọ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn?"

Àwọn ọmọ ẹlòmíì ń bi bàbá wọn ní ohun tí wọ́n máa jẹ. Mo tú okùn ṣòkòtò mi, mo tún un so, mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́. Ìyá rẹ jáde wá wò ó bóyá ara mi yá.

Mo fẹ́ kí o rántí bó o ṣe ṣe é, nítorí ó dà bíi pé o ti gbàgbé, tí o fi ń pè mí láti Ìkẹjà pé wọ́n kọ̀. Nínú ilé wa náà, wọ́n kọ̀. O ní kí a fi mítà kéékèèké sí ẹnu ọ̀nà oníkálukú, wọ́n ní o fẹ́ máa ṣọ́ wọn. O lọ bá Sẹ́gun, tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ara dí i. O ní, "Bọ̀dá Sẹ́gun, mi ò fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ máa se ẹ̀wà yín lọ. Nọ́ńbà nìkan ni mo fẹ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa kọ ọ́." Ó yà á lẹ́nu. Ó gbà.

Lẹ́yìn náà lo kan pátákó dúdú mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, o so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn. O kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, nọ́ńbà yàrá nìkan. Lókè pátápátá lo kọ nọ́ńbà mítà ńlá sí, ti gbogbo ilé. Gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta, oníkálukú á jáde wá kọ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí wọ́n ti ń bá ara wọn du ṣọ́ọ̀kì. Àwọn tí ń sá fún mi pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù ló wá ń fi ẹnu ara wọn sọ pé, "Ẹ wò ó, tèmi ti wálẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń pa fíríìjì lálẹ́." Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wò yín. Mo ti kọ́ ilé, n kò kọ́ ohun tó dà bí ìyẹn rí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kẹta, tí í ṣe tìrẹ tí mò ń dá padà fún ọ: ẹni tó ń fi nọ́ńbà pamọ́ kì í sábà jẹ́ olè. Ẹ̀rù ìtìjú ló ń bà á. Má ṣe lọ bá àwọn ọ̀gá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn bí ọlọ́pàá. Fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá sì ti fún ọ ní tiwọn, dá ti gbogbo ilé padà fún wọn kí wọ́n rí i. Ẹni tó gba nọ́ńbà tí kò dá nǹkan kan padà, èmi nìyẹn pẹ̀lú àgádágodo, aṣọ òyìnbó nìkan ló yàtọ̀.

Ìmọ̀ràn kẹrin ló dùn mí jù. Máa kọ́kọ́ yẹ ti onílé wò.

O ro nọ́ńbà gbogbo yàrá pọ̀, títí kan tiwa. Kò tó ìdajì ohun tí mítà ńlá kọ. O rò ó lẹ́ẹ̀mejì, o ní kí Sẹ́gun bá ọ fi ẹ̀rọ ìṣirò báńkì rò ó, bákan náà ni. O wá ní kí a dúró de Àbámẹ́ta ìmọ́tótó, ìparí oṣù, tí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde títí di aago mẹ́wàá, kí gbogbo ilé lè wà nílé pọ̀. Lọ́jọ́ náà, a gbá gọ́tà tán, iná sì wà. O ní kí oníkálukú lọ pa ohun gbogbo, kí wọ́n yọ ohun tó ṣeé yọ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa kó jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn onírin, ó ṣí gbayawu, àwọn ọmọdé wà níwájú. A tẹjú mọ́ àwo pẹlẹbẹ kékeré tó máa ń yí nínú mítà.

Ó ń yí. Gbogbo ilé ti pa iná, ó ń yí geerege bí ẹni tó ń jó lóun nìkan.

Sẹ́gun fa sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, èyí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

O ní, "Bọ̀dá Sẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe wẹ́rẹ́. Mò ń gbọ́ nǹkan."

Gbogbo wa dákẹ́. Láti ẹ̀yìn ilé, láti abẹ́ ilẹ̀, a gbọ́ ohùn kan tó ń kùn hùn-ún, hùn-ún. Pọ́ǹpù mi ni. Pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga ẹ̀rọ sókè sí táńkì. Ohun tó yẹ kó máa pa á bí táńkì bá ti kún ti kú láti ìgbà tí a kò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí iná bá ti wà, tọ̀sán tòru, ni pọ́ǹpù náà ń fa omi, táńkì á kún, omi á sì máa ṣàn dànù.

O bi mí pé, "Bàbá, táńkì tó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀ báyìí, báwo ni ẹnikẹ́ni kò ṣe rí omi?"

Nítorí pé mo mọ iṣẹ́ mi ni. Nígbà tí mo gbé táńkì kalẹ̀, n kò fẹ́ kí omi tó bá kún àkúnya máa dọ̀tí sára ògiri mi. Mo so páìpù mọ́ ọn, mo gbà á gba inú ògiri, mo rì í mọ́lẹ̀, mo gbé ẹnu rẹ̀ sí gọ́tà ẹ̀yìn ọgbà níbi tí ojú kò tó. Mo máa ń fi páìpù yẹn yangàn fún àwọn bíríkìlà. Ọgbọ́n mi ló bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀ fún mi. Pọ́ǹpù náà, n kò kà á sí pọ́íńtì rí láyé mi. Ta ni í ka pọ́íńtì onílé? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, èmi sì ti lé aládùúgbò ẹ̀fọ́ lọ sí Agboju.

Mo rò pé ìwọ á sọ̀rọ̀, ó sì tọ́ sí mi. Ṣe lo lọ síbi pátákó, o fa ìlà kan sí i nísàlẹ̀, o kọ "Onílé" síbẹ̀, o sì gbé ṣọ́ọ̀kì fún mi. Ó tán. Mo ti rí àwọn ọ̀gá ńlá tó ń bá lébìrà wí níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń bú ìyá wọn. N kò tíì rí ẹni tó bá ènìyàn wí bí o ṣe bá mi wí, láìla ẹnu. Bó o ṣe máa ṣe ọ̀gá ní Ìkẹjà nìyẹn. Bí o bá rí i pé ẹ̀rọ amúlétutù ti àwọn onílé gan-an ló ń jẹ iná ilé alájà mẹ́sàn-án yẹn, má ṣe fi rẹ́rìn-ín, má sì ṣe bò ó. Fa ìlà, kọ "Onílé".

Àwọn tó kù, n kò ka iye wọn mọ́. Máa jẹun àárọ̀. Má ṣe jẹ́ kí ọkùnrin kankan tó dé ọ̀fíìsì rẹ rò pé ìwọ lo máa ń po tíì. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọmọ kékeré, sọ fún wọn pé bàbá rẹ bá wọn ru búlọ́ọ̀kù Festac. Bí wọn kò bá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ilé tí wọ́n ń gbé kò tíì dàgbà. Máa pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó ku ìmọ̀ràn kan. Bí nọ́ńbà bá ti dá ẹnì kan láre, lọ sọ fún un. Má dúró.

Morẹ́nikẹ́, irọ́ ni mo pa fún ọ. N kò bẹ Ìyá Mùtíátù. Lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù tú àṣírí mi yẹn, o ní, "Bàbá, ẹ gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́," mo ní màá lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, o sì gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé Agboju. Ìgbà kìíní, mo dé ìtòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ra tòmátì tí n kò nílò, mo padà. Ìgbà kejì, èrò pọ̀ níwájú rẹ̀, mo ní kò yẹ kí àgbà máa bẹ̀bẹ̀ níwájú èrò. Ìgbà kẹta, òun ló rí mi. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lórí ẹrọ̀fọ̀ ọjà, ó ní, "Bàbá, ẹ káàsán o. Màmá ńkọ́? Morẹ́nikẹ́ ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà dáadáa.

Ó ní, "Iná ńkọ́ nílé?"

Kò fi bú mi. Ó bi mí bí a ṣe ń bi ara wa ni. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún mi gbayawu. Mo ní, "Iná wà." Mo sì bá tèmi lọ. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ́ọ̀bù pè é pé, "Ìyá Ajẹná, oníbàárà yín nìyẹn?" Ó sì jẹ́ ẹ. Orúkọ tí mo fi pè é lórí àtẹ̀gùn mi, ó ti ń jẹ́ ẹ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. N kò fẹ́ kí tèmi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí àgbà ti dé sí mi, ẹsẹ̀ mi kò sì fẹ́ sáré mọ́. Mo ti rò ó pé kí n pè é wá sílé, kí n bẹ̀ ẹ́ ní pálọ̀, kí a mu ohun tútù, kí ó tán. Ìyá rẹ ló gbọ́ tí mò ń gbèrò rẹ̀. Ó ní, "Ṣé inú pálọ̀ lẹ ti bú u?" Ìyẹn náà ló fi jọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tí màá ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, màá wọ agbádá mi aláwọ̀ ewé, èyí tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tó o gboyè, kí wọ́n lè mọ̀ láti òkèèrè pé Bàbá Kọnkéré ló ń bọ̀. Màá mú àgádágodo náà dání, kí wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn mítà ti ṣí. Màá dé Agboju ní ọ̀sán, nígbà tí ọjà bá kún dáadáa. Yàrá iwájú ti ṣófo láti oṣù tó kọjá. N kò ní sọ pé kí ó padà wá, òun ló máa yàn. Màá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, níwájú oníṣọ́ọ̀bù yẹn àti gbogbo àwọn tó ń pè é ní Ìyá Ajẹná. Màá dọ̀bálẹ̀, èmi àti agbádá. Ọ̀rọ̀ tí màá sọ kò gùn: Ìyá Mùtíátù, pọ́ǹpù mi ni.

Èmi bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Bàbá Kọnkéré, Amúwò.